Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Kíndìnrín Ọmọ Tó Ní Spina Bifida

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú spina bifida, ìyẹn àìsàn tí apá kan ògóóró ẹ̀yìn ọmọ kì í pa ojú dé nínú oyún, ni kíndìnrín wọn pé, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n dé ayé. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí kọ́kọ́ dì mú nìyẹn, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí rẹ̀ ló dúró lé. Kì í ṣe kíndìnrín ni àìsàn náà kọ́kọ́ ń bá jà. Àpòòtọ̀, ìyẹn àpò tí ìtọ̀ ń gbá jọ sí, ni. Bí àpòòtọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lódìlódì fún oṣù àti ọdún láìsí ẹni tó bójú tó o, òun ni yóò máa ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora, títí ìbàjẹ́ náà yóò fi kọjá àtúnṣe. Àpòòtọ̀ ni a ní láti máa ṣọ́, nígbà tí ara ọmọ ṣì le, kí a má dúró de àmì àìsàn kíndìnrín, nítorí àmì yẹn máa ń pẹ́ kó tó yọjú.

Iye oògùn àti irú iṣẹ́ abẹ tó yẹ ọmọ kan kò sí nínú ìtọ́sọ́nà yìí, torí pé dókítà tó ń tọ́jú ọmọ náà ló ni ìpinnu yẹn. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí òbí mọ ohun tí yóò bèèrè, ohun tí yóò máa ṣe nílé, àti ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Ọ̀nà tí ewu ń gbà dé kíndìnrín

Láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí oyún bá dúró ni ihò gbọọrọ tí ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ògóóró ẹ̀yìn ti ń dàgbà máa ń pa ojú dé. Bí apá kan rẹ̀ kò bá pa dé, spina bifida ló ń yọrí sí. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni myelomeningocele, níbi tí mùdùnmúdùn náà àti awọ tó bò ó ti yọ síta lẹ́yìn ọmọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ògóóró ẹ̀yìn, nítòsí ìdí, ni àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń darí àpòòtọ̀ àti ìfun ti ń jáde, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ó ju 90 lọ nínú 100 ọmọ tó ní myelomeningocele tí àpòòtọ̀ wọn kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ọmọ tó ń rìn, kódà tó ń sáré, kò yọ sílẹ̀, nítorí òkè ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ ti ń wá. Kí òbí má ṣe fi agbára ẹsẹ̀ ọmọ díwọ̀n ìlera àpòòtọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni àpòòtọ̀ ń ṣe. Ó ń gba ìtọ̀ sínú pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó sì ń tú gbogbo rẹ̀ dà nígbà tí àkókò bá tó. Nígbà tí ó bá ń gbà á sínú, ara rẹ̀ a dẹ̀, iṣan tó yí ẹnu rẹ̀ ká a sì dì. Nígbà tí ó bá ń tú u dà, ara rẹ̀ a fún, ẹnu rẹ̀ a sì là. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní spina bifida, àwọn méjèèjì kì í gbọ́ ara wọn yé: ara àpòòtọ̀ ń fún, ẹnu rẹ̀ sì dì pinpin. Ìtọ̀ kò rí ọ̀nà jáde, ipá inú àpòòtọ̀ ń ga sí i, ara rẹ̀ ń nípọn, ó sì ń gan bí awọ tí oòrùn ti gbẹ. Nígbà tó bá yá, ìtọ̀ tuntun tó ń ti inú kíndìnrín bọ̀ kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́, tàbí kí èyí tó ti wà nínú àpòòtọ̀ máa padà gòkè, kí ó sì gbé kòkòrò àrùn dání. Kíndìnrín á wú, kòkòrò á sì dá ọgbẹ́ sí i lára. Àpá tí ọgbẹ́ yẹn bá fi sílẹ̀ kì í padà di ẹran kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ọdún 1981, Dókítà Edward McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ọmọ tí ipá inú àpòòtọ̀ wọn ní láti ga kọjá 40 sẹ̀ǹtímítà omi (ìwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n ipá inú àpòòtọ̀) kí ìtọ̀ tó lè jò jáde ni kíndìnrín wọn wà nínú ewu jù lọ. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ń dààmú ìyá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ kì í gbẹ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé àpòòtọ̀ rẹ̀ kò fún kíndìnrín ní wàhálà. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbẹ táútáú láti àárọ̀ di ọ̀sán láìlo kátítà (ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń fa ìtọ̀ jáde), tí gbogbo ènìyàn sì ń yìn, lè jẹ́ ẹni tí ipá ń ga nínú àpòòtọ̀ rẹ̀. Gbígbẹ aṣọ dára, a sì ń wá a fún ọmọ, àmọ́ òun nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé kíndìnrín wà láàbò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ bí kíndìnrín ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀

Kí ọmọ tuntun tó kúrò ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti rán ẹ̀yìn rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti fi ultrasound wo kíndìnrín méjèèjì àti àpòòtọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kì í dunni, kò sì ní ìtànṣán nínú. Ó ń fi hàn bí kíndìnrín ṣe tóbi tó, bóyá omi ti gbá jọ sínú rẹ̀, àti bí ara àpòòtọ̀ ṣe nípọn tó. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ láti wọn creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń yọ dànù, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ tí a bí i, nítorí iye tí a bá rí ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ń sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ìyá ju ti ọmọ lọ. Nọ́ọ̀sì yóò tún máa wọn ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú àpòòtọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti tọ̀.

Nígbà tí ọmọ bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń ṣe àyẹ̀wò tí a ń pè ní urodynamics. Wọn á ki ọ̀pá tín-ín-rín kan bọ inú àpòòtọ̀ àti òmíràn bọ ojú ihò ìdí, wọn á máa fi omi kún àpòòtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa kọ bí ipá ṣe ń ga sílẹ̀. Nínú gbogbo àyẹ̀wò, èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí òun nìkan ló ń fi ewu hàn kí kíndìnrín tó bàjẹ́. Ultrasound ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Urodynamics ń sọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà tí dókítà bá ń ṣàlàyé èsì rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Omi mélòó ni àpòòtọ̀ ọmọ mi gbà? Ipá mélòó ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó kún dé ibẹ̀? Ṣé ẹnu àpòòtọ̀ ń là nígbà tí ara rẹ̀ bá fún, àbí ó ń dì? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà èsì náà, torí pé ọmọ lè yí ilé ìwòsàn padà, dókítà tuntun sì ní láti fi èsì àtijọ́ wé tuntun.

Bí wọ́n bá fura pé ìtọ̀ ń padà gòkè, wọn á ya àwòrán x-ray nígbà tí omi tó ń hàn nínú àwòrán bá wà nínú àpòòtọ̀. Àyẹ̀wò DMSA ni wọ́n fi ń wá àpá lára kíndìnrín. Ultrasound sábà máa ń wáyé ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà síra wọn ní ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bí nǹkan bá dúró déédéé. Ẹ má ṣe fi ọdún kan jóná nítorí pé ara ọmọ yá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi kátítà fa ìtọ̀

Kátítà ni ọ̀pá tín-ín-rín, rírọ̀, tí a ń kì gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọ inú àpòòtọ̀ láti fa ìtọ̀ jáde, tí a sì ń yọ lójú ẹsẹ̀ tí ìtọ̀ bá ti tán. Nígbà kan rí, wọ́n gbà pé ohun gbogbo tí a bá fi ṣe èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti yàrá iṣẹ́ abẹ, tí kòkòrò kankan kò sí lára rẹ̀, ìyẹn sì mú kí ó ṣòro láti máa ṣe é nílé. Ní ọdún 1972, Dókítà Jack Lapides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Michigan fi hàn pé ìmọ́tótó ọṣẹ àti omi tó, àti pé títú àpòòtọ̀ dà lóòrèkóòrè, kí ó má kún ju agbára rẹ̀ lọ, ló ń dáàbò bo ọmọ jù. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìkùnà kíndìnrín wà lára ohun tó ń gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní spina bifida. Ìmọ̀ yìí yí ìgbésí ayé wọn padà.

Àwọn dókítà kan máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ọmọ láti ìgbà tí a bá ti bí wọn. Àwọn mìíràn máa ń dúró títí àyẹ̀wò yóò fi fi ewu hàn. Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́, ẹ má ṣe kà á sí ìjìyà fún un. Ọmọ tó bá a dàgbà máa ń gbà á bí ó ṣe ń gba ìwẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ fún máa ń jà fitafita.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín dáadáa, títí dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Ẹ kó kátítà, jẹ́ẹ̀lì olómi tí kì í ṣe ọ̀rá, aṣọ mímọ́ tútù, àti ife tí a sàmì mílílítà sí lára, síbi tí ọwọ́ yín yóò ti tó wọn. Ẹ tẹ́ ọmọ kékeré sí ẹ̀yìn. Ọmọ tó ti dàgbà lè jókòó. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ẹ ya ètè ojú ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ nù ún láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ẹ má ṣe nù ún padà síwájú, kí ẹ tó wá ihò ìtọ̀ tó wà lókè ojú ara. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ nu orí okó rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dúró gangan kí ọ̀nà inú rẹ̀ lè tọ́. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì pa ẹnu kátítà, ẹ rọra kì í wọlé títí ìtọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, kí ẹ tún tì í wọlé díẹ̀ sí i, bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì.

Lára ọmọkùnrin, kátítà lè dúró nígbà tó bá kan iṣan tó yí ẹnu àpòòtọ̀ ká. Ẹ má ṣe fi agbára tì í. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ọmọ mí kanlẹ̀ tàbí kí ó wúkọ́, kí ẹ di kátítà mú sójú kan láìyọ ọ́, iṣan náà yóò sì dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá dẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ sinmi, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ilé ìwòsàn ló kù. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí àbàwọ́n ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ewu.

Ìparí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń kánjú sí jù. Bí ìtọ̀ bá dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe fa kátítà yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Bí ìtọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ẹ dúró kí ó tán, kí ẹ tún fà á sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ìtọ̀ tó bá ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ àpòòtọ̀ ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i.

Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà láàárín fífà kan sí èkejì ní ọ̀sán. Dókítà yóò sọ bóyá ọmọ nílò rẹ̀ lóru pẹ̀lú, nítorí àpòòtọ̀ kan wà tó jẹ́ pé òru ló ń kún jù, bí ọmọ bá sì sùn fún wákàtí mẹ́wàá, ipá inú rẹ̀ á wà lókè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi kátítà sílẹ̀ sára rẹ̀ lóru kí ìtọ̀ máa ṣàn sínú àpò.

Ohun méjì kan wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn gidigidi. Èkíní, ẹ má ṣe máa tẹ ìsàlẹ̀ ikùn ọmọ láti fún ìtọ̀ jáde. Ó dà bí ohun tó rọrùn, ṣùgbọ́n bí ẹnu àpòòtọ̀ bá dì, ibi tí ọwọ́ yín ń ti ìtọ̀ lọ ni òkè, sínú kíndìnrín. Èkejì, kí kátítà, ìbọ̀wọ́ àti gbogbo ohun tó ń kan ara ọmọ náà jẹ́ èyí tí kò ní latex, ìyẹn irú rọ́bà kan, nínú. Ara àwọn ọmọ tó ní spina bifida máa ń kọ latex ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ, nítorí pé láti kékeré ni iṣẹ́ abẹ àti kátítà ti ń kàn wọ́n, ìkọ̀sílẹ̀ yẹn sì lè le débi pé èémí ọmọ á há. Ẹ sọ fún gbogbo dókítà, oníṣègùn eyín àti olùkọ́.

Kátítà tuntun fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ló dára jù. Níbi tí ìyẹn kò bá ti ṣeé ṣe, tí ilé ìwòsàn sì ti fi irú èyí tí a lè tún lò hàn yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ohun mímọ́ tó gbẹ. Èyí tó bá ti le, tó ya, tàbí tó ti pàwọ̀ dà, ẹ sọ ọ́ nù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa ka ohun tí ẹ kọ

Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lóṣù tó. Ẹ kọ aago, iye ìtọ̀ tí kátítà fà jáde, àti bóyá ìlédìí gbẹ tàbí ó tutù láàárín fífà kan sí èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó jò, ẹ wọn ìlédìí gbígbẹ lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ tún wọn èyí tó tutù. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó fi wúwo jù jẹ́ nǹkan bíi mílílítà kan ìtọ̀.

Láti mọ iye tí àpòòtọ̀ ọmọ yẹ kó lè gbà, ẹ fi 1 kún ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 30. Ọmọ ọdún 5 jẹ́ 6 lọ́nà 30, ìyẹn mílílítà 180. Ìwọ̀n fún títọ́ka lásán ni, àpòòtọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní spina bifida kì í sì í tó o, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ká ní ọmọ ọdún 5 yìí ni, tí kátítà ń fa 260, 280, 250 jáde ní àárọ̀ mẹ́ta tẹ̀léra. Ara rẹ̀ gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpòòtọ̀ rẹ̀ ń kún àkúnjù; a ní láti sún àkókò fífà mọ́ra, tàbí kí dókítà wo ti òru. Ká tún ní ọmọ mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, tí kátítà kì í fà ju 60 lọ, tí ìlédìí rẹ̀ sì ti tutù kí wákàtí kan tó pé. Àpòòtọ̀ tiẹ̀ kéré, ó ṣeé ṣe kó ti gan, ẹ má sì dúró de ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀. Iye ipá tó bá hàn nínú urodynamics tún lè mú kí dókítà yàn iye kan tó kéré sí ti ìṣirò yìí, pé kí àpòòtọ̀ má ṣe kún kọjá rẹ̀. Èyí tí dókítà bá yàn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ọmọ tó máa ń gbẹ tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ẹ ronú kan àkóràn àti àìrígbẹ́yà. Bí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tàbí tí ìrìn rẹ̀ yí padà, ó lè jẹ́ pé mùdùnmúdùn ògóóró ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ ojú àpá iṣẹ́ abẹ, tí ó sì ń fà bí ọmọ ṣe ń ga. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ẹ̀yìn ló yẹ kó wò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oògùn tó ń mú àpòòtọ̀ dẹ̀

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ipá ga, oxybutynin ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ fún ọmọ. Ó ń dá ara àpòòtọ̀ dúró kó má máa fún ṣáá. Òun àti kátítà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí a bá lo oògùn náà láìtú àpòòtọ̀ dà, ìtọ̀ yóò kàn máa pọ̀ sí i níbẹ̀ ni. Ó lè mú kí ẹnu gbẹ, kí ojú pọ́n, kí ìgbẹ́ le, kí ọmọ má sì làágùn tó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ nínú ooru, kí ẹ sì máa fún un lómi. Bí ara rẹ̀ kò bá gbà á lẹ́nu, wọ́n lè fi kátítà fi oògùn náà sínú àpòòtọ̀. Ní ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn mirabegron fún àwọn ọmọ ọdún 3 sókè tí àpòòtọ̀ wọn ní irú ìṣòro yìí, ó sì tún fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ Botox, tí a ń gún sí ara àpòòtọ̀, fún àwọn ọmọ ọdún 5 sókè. Agbára abẹ́rẹ́ yẹn máa ń tán lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a sì ní láti tún un gún.

Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ọmọ ti gbẹ. Oògùn náà ló jẹ́ kí ó gbẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ mọ àkóràn tòótọ́ yàtọ̀ sí kòkòrò tó kàn wà níbẹ̀

Bí a bá yẹ ìtọ̀ ọmọ tó ń lo kátítà wò, ó ṣeé ṣe kí a bá kòkòrò nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ara ọmọ náà sì dá pé. Kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ tó bá ń rùn tàbí tí kò mọ́ gaara ni a ń lo oògùn apakòkòrò àrùn sí. Bí a bá ń lò ó ní gbogbo ìgbà, àwọn kòkòrò tó kù á di èyí tí oògùn kò ràn mọ́, lọ́jọ́ tí àkóràn gidi bá sì dé, ọwọ́ dókítà á ṣófo. Bí kò bá sí ibà, ẹ fún ọmọ lómi sí i, ẹ máa fa ìtọ̀ rẹ̀ léraléra fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ wò ó bóyá ó ti yàgbẹ́.

Àkóràn gidi ni ti ara tó gbóná dé 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìrora ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn, èébì, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, tàbí jíjò tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ti ọmọ ọwọ́, ẹ má ṣe fi wákàtí kan ṣòfò. Kátítà mímọ́ ni kí wọ́n fi gba ìtọ̀ tí wọn yóò yẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbà á kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé, bí ara ọmọ bá fàyè gbà á. Ìtọ̀ tí a gbà láti inú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ara kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé kòkòrò ara ń bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní spina bifida ló tún ní shunt, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé omi ọpọlọ lọ sínú ikùn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, tí oorun ń kùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mọ sí àkóràn ìtọ̀ títí wọn yóò fi yẹ shunt náà wò. Shunt tó dí lè gba ẹ̀mí.

Fún ibà àti ìrora, paracetamol ló dára jù. Ibuprofen, diclofenac àti irú wọn lè ba kíndìnrín tó ti rọ jẹ́ sí i, pàápàá bí omi ara ọmọ bá ti dínkù. Ẹ má ṣe fún ọmọ ní àpòpọ̀ yòówù tí ẹ kò mọ èròjà inú rẹ̀.

Ìfun pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ dì. Ìgbẹ́ tó gbá jọ ń tẹ àpòòtọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ó tú dà tán. Ètò ìyàgbẹ́ ojoojúmọ́ tàbí ọjọ́ méjì-méjì, pẹ̀lú oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ bí dókítà bá fọwọ́ sí i, wà lára ìtọ́jú kíndìnrín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ má jẹ́ kí èsì ẹ̀jẹ̀ tàn yín jẹ

Inú ẹran ara tó ń gbé wa rìn ni creatinine ti ń wá. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, tí kò sì ní ẹran púpọ̀ lára, máa ń ní creatinine tó kéré, nítorí náà èsì rẹ̀ lè wà láàárín ìwọ̀n tí ìwé yàrá àyẹ̀wò pè ní dáadáa, nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti sọ apá kan agbára rẹ̀ nù. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè wọn cystatin C, ohun mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára kíndìnrín hàn, èyí tí kò gbára lé ẹran ara. Ẹ sì máa fi creatinine ọmọ wé ti ara rẹ̀ lọ́dún tó kọjá: bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìròyìn ni, kódà bí iye náà kò bá tíì kọjá ààlà.

Kí wọ́n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ, pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀nfúnpá tó bá apá rẹ̀ mu, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lè jẹ́ àmì àpá lára kíndìnrín, ó sì tún ń ba kíndìnrín jẹ́ sí i. Gíga ọmọ ni a fi ń ka èsì yẹn. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀, kí wọ́n fi gígùn apá méjèèjì tí ó nà sí ẹ̀gbẹ́ ṣe ìṣirò dípò gíga. Kí wọ́n wá purotéènì nínú ìtọ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí oògùn àti kátítà kò bá tó

Fún ọmọ ọwọ́ tí ipá inú àpòòtọ̀ rẹ̀ kò rọlẹ̀, oníṣẹ́ abẹ lè ṣí ojú àpòòtọ̀ sí ara ikùn fún ìgbà díẹ̀, kí ìtọ̀ máa ṣàn sínú ìlédìí. Ojú lè ti òbí láti gbà á, ṣùgbọ́n ó ti gba ọ̀pọ̀ kíndìnrín là, a sì lè dí i padà. Fún ọmọ tó ti dàgbà, wọ́n lè fi apá kan ìfun fẹ àpòòtọ̀ lójú. Iṣẹ́ abẹ ńlá nìyí, ó sì ní ohun tó ń bèèrè títí ayé: ìfun náà ń yọ ikun, nítorí náà a ní láti máa fi omi ṣan àpòòtọ̀, òkúta lè hù nínú rẹ̀, ó sì lè bẹ́ bí ọmọ bá gbàgbé láti fa ìtọ̀. Bí ikùn bá wú, tí ọmọ ń bì, tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ sáré gbé e lọ, kódà bí kò bá sọ pé ikùn ń dun òun, nítorí ìmọ̀lára ibẹ̀ lè ti dínkù. Ọ̀nà tí Paul Mitrofanoff, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọdún 1980 máa ń bá a rìn: wọ́n ń fi àpẹ́ńdíìsì ṣe ọ̀nà tóóró láti àpòòtọ̀ dé ìdodo, kí ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè fa ìtọ̀ ara rẹ̀ láìbọ́ ṣòkòtò.

Bí kíndìnrín bá ti rọ lóòótọ́, dókítà kíndìnrín gbọ́dọ̀ wà lára àwọn olùtọ́jú. Wọn yóò bójú tó ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀, agbára eegun àti ìdàgbàsókè. Kódà nígbà náà, iṣẹ́ àpòòtọ̀ kò tíì tán, torí pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti pípààrọ̀ kíndìnrín, kíndìnrín tuntun kò ní pẹ́ bí ipá inú àpòòtọ̀ bá ṣì ga.

Nígbà tí ọmọ bá ń di ọ̀dọ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìtọ̀ ara wọn láàárín ọdún 5 sí 8, bí ọwọ́ àti òye wọn bá ṣe gbà. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ máa fọ ọwọ́, kí ó máa kó nǹkan jọ, kí ó máa di ife mú, kí ó tó di pé ó ń kì í fúnra rẹ̀. Dígí kékeré máa ń ran ọmọbìnrin lọ́wọ́. Ẹ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí yàrá tó nílẹ̀kùn tó ṣeé tì wà fún un nílé ẹ̀kọ́, kí aago rẹ̀ má sì yẹ̀ nítorí ìdánwò tàbí eré.

Ìgbà ọ̀dọ́ ni mo ń bẹ̀rù jù. Ara ọmọ ń yí padà, ó ń fẹ́ dà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè máa fo ìgbà kan tàbí méjì lójúmọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbáwí kì í ràn án lọ́wọ́ tó kí a fi àwòrán ultrasound rẹ̀ hàn án, kí a ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀ fún un bí àgbà, kí a sì jọ tún aago rẹ̀ tò kó lè bá ọjọ́ rẹ̀ mu. Nígbà tí yóò bá kúrò lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, ẹ fún un ní ìwé kan tí ó kó èsì urodynamics àti ultrasound tó kẹ́yìn, creatinine tàbí cystatin C rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ abẹ tó ti ṣe, oògùn rẹ̀, ìwọ̀n kátítà rẹ̀, ọ̀rọ̀ latex àti ti shunt dání, kí orúkọ dókítà tuntun àti ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ rí i sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìpàdé tó kẹ́yìn pẹ̀lú dókítà àtijọ́ tó tú ká.